Ẹni Tí A Ti Lé Rí

Ìbéèrè kan wà tí a ti ń gbé kiri nínú ọkàn wa láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, a sì rò pé ó yẹ kí a gbé e síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé ọdọọdún yìí, nítorí ìbéèrè náà ju agbára ẹnì kan lọ. Ìbéèrè náà ni èyí: ǹjẹ́ ìyà tí ènìyàn ti jẹ rí a máa kọ́ ọ láti ṣàánú ẹlòmíràn tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ bá dé bá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn kíákíá pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọn yóò ní ẹni tí ebi ti pa rí ni ó mọ ohun tí ebi jẹ́, àti pé ẹni tí òjò ti pa rí kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó dúró ní ìta. Àwa náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, a sì ti wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa ni ó mú kí a tún ọ̀rọ̀ náà rò.

Ìyá yìí ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ dáadáa. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, ó dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bi yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó ṣí Bíbélì.” A jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn rẹ̀. A ó sọ ọ́ fún yín bí ó ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó lè yé yín yékéyéké, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ti ṣe jẹ́ pé ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni, síbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ìlú Kùmásí ní ilẹ̀ Gáná ni a bí i sí.

Àwọn baba wa kò ka Gáná sí òkèèrè tí ẹsẹ̀ kò lè dé. Láti Èkó dé Akra kò tó 500 kìlómítà, ẹni tí ó bá sì gba etí òkun lọ yóò kàn la Kútọnu àti Lomé kọjá ni. Ààlà ilẹ̀ tí ó dábùú ọ̀nà yìí kò pẹ́ láyé bí àwọn ìlú tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ààlà wọn yóò gbà, tí Kétu àti Sábẹ̀ fi bọ́ sí ìhà ti Faransé, tí Ìmẹ̀kọ, tí ó ti ń wárí fún Alákétu láti ìgbà ìwáṣẹ̀, sì bọ́ sí ìhà ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni kò bi Kétu léèrè, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò bi Ìmẹ̀kọ. Àwọn ènìyàn sì ń bá ìrìn wọn lọ, nítorí ọjà kò mọ ààlà, ìgbéyàwó pẹ̀lú kò sì mọ̀ ọ́n.

Ní àkókò tí Nàìjíríà àti Góòlù Kósì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde láti Ogbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀ffà àti Ìlọrin, láti Èjìgbò àti Ìnísà, láti Ìgbòho àti Ṣakí, wọ́n bá òwò lọ sí ọ̀hún. Ẹni tí kò ní owó púpọ̀ lọ́wọ́ yóò fi orí ru igbá ọjà wẹ́wẹ́, abẹ́rẹ́, òwú, ìṣáná àti ìlẹ̀kẹ̀, láti abúlé dé abúlé. Bí ó bá rí èrè díẹ̀ kó jọ, yóò gba ìsọ̀ kan ní ọjà. Bí ìsọ̀ náà bá gbòòrò, yóò ránṣẹ́ sí ilé pé kí àbúrò òun máa bọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe tàn káàkiri láti etí òkun títí dé Tamale ní apá àríwá. Nígbà tí a ka àwọn ènìyàn Gáná ní ọdún 1960, nǹkan bí 100,000 ni àwọn Yorùbá tí a bá níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn oníṣòwò láti Ogbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tí ó gbin ìjọ Onítẹ̀bọmi sí ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ wọn ń sọ èdè Twi ní ìta, wọ́n sì ń sọ Yorùbá nílé. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn.

Bàbá ìyá tí a ń sọ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Aṣọ àti abọ́ tánganran ni ó ń tà ní Kùmásí, ó sì ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ níbẹ̀ kí ọdún 1969 tó dé.

Ní ọdún náà nǹkan kò rọgbọ fún Gáná. Owó kòkó ti lọ sílẹ̀, gbèsè wọ ìjọba lọ́rùn, àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ní ilé-ìwé kò sì rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí nǹkan bá rí báyìí ní ilé kan, ojú a máa kọ́kọ́ lọ sí ara àlejò. Àwọn ènìyàn ń sọ pé àwọn àjèjì ni ó gba ọjà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, àwọn ni olè, àwọn ni ó ń kó ẹrù fàyàwọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Kofi Abrefa Busia kéde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde kúrò ní ilẹ̀ náà. Ó ju ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn lọ tí ó fi Gáná sílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ fún oníṣòwò. Àwìn ni bàbá yìí fi ta ìdajì ọjà rẹ̀. Àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó gbọ́ ìkéde náà bí òun náà ti gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn sá fún un, ẹlòmíràn ní kí ó padà wá ní oṣù tí ń bọ̀, ó sì mọ̀ pé kò ní sí níbẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta, ọkùnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ wá ra gbogbo ọjà tí ó kù. Ìdá kan nínú márùn-ún iye tí ó tọ́ ni ó san. “Kò jágbe mọ́ wa,” ni ìyá náà wí. “Ó ka owó náà sí bàbá mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì wí pé òun ń ràn wá lọ́wọ́ ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, mo dúró tì wọ́n. N kò lè gbàgbé bí ó ti wí i.” A kò gbọdọ̀ fi èyí nìkan sílẹ̀ láìsọ èkejì, nítorí òtítọ́ kì í ní ẹsẹ̀ kan. Obìnrin ará Kùmásí kan, aládùúgbò wọn, se oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta fún wọn di ọ̀nà, ó sì sunkún tẹ̀ lé ọkọ̀ akẹ́rù náà títí ó fi yà kúrò ní àdúgbò. Oníkálukú ni ó yan ohun tí ó fẹ́ ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì náà.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, ogun abẹ́lé kò tíì parí ní Nàìjíríà. Oṣù Kìíní ọdún 1970 ni ó parí. Wọ́n wọ̀ sí yàrá kan nínú agbo ilé. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi ohùn wọn ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ń pè wọ́n ní ará Gáná. Báyìí ni ó rí fún ọ̀pọ̀ àwọn tí a lé: ní Kùmásí wọ́n jẹ́ àjèjì nítorí pé wọ́n jẹ́ Yorùbá, ní ilé, wọ́n jẹ́ àjèjì nítorí pé wọ́n ti Kùmásí dé. Bàbá náà kò tún rí òwò gidi ṣe mọ́. Ó ní ìwé kan tí ó kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó sí, a sì máa ṣí i wò ní alaalẹ́. Nígbà tí ó kú, wọ́n sin ìwé náà mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀, kí a wo ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba tí ó pa àṣẹ náà. Busia kì í ṣe òpè, kì í sì í ṣe ẹni tí a mọ̀ sí ìkà. Ilé-ìwé àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, ó kà á dé Oxford, ìmọ̀ nípa bí àwọn ènìyàn ti ń gbé pọ̀ ní àwùjọ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jùlọ ni pé òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìsáǹsá rí. Ní ọdún 1959 ó sá kúrò ní Gáná nítorí ìjọba Nkrumah, kò sì padà láti máa gbé ibẹ̀ títí di ọdún 1966 tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah. Nǹkan bí ọdún méje ni ó fi jẹ oúnjẹ àlejò ní ilẹ̀ òyìnbó. Bí ìyà bá ń kọ́ni ní àánú, ta ni ì bá tún kọ́ jù ú lọ? Síbẹ̀ oṣù mẹ́ta kò pé lẹ́yìn tí ó di Olórí Ìjọba tí ìkéde náà fi jáde. Ní ọdún 1972 àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ òun náà nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ́nù, ó tún di ìsáǹsá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì kú sí ní ọdún 1978. A kò sọ èyí láti yọ̀ ọ́. A sọ ọ́ nítorí pé ó fi hàn pé ènìyàn lè jẹ́ àlejò, kí ó di onílé, kí ó tún padà di àlejò, láìjẹ́ pé ipò kan kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe ní ipò kejì.

Ǹjẹ́ ó yàtọ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa? Ìhín ni ìtàn ìyá náà ti yí padà.

Lẹ́yìn ogun, epo rọ̀bì sọ Nàìjíríà di ọlọ́rọ̀, nígbà tí nǹkan ń burú sí i ní Gáná. Ọ̀nà tí àwọn baba wa gbà lọ ni àwọn ará Gáná náà gbà wá. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ olùkọ́. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1979, tí àwọn ọmọ kún ilé-ìwé gíga, tí olùkọ́ kò sì tó, àwọn ará Gáná wà lára àwọn tí ó dúró níwájú pátákó. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé. Kò ní ṣòro láti rí ẹni tí olùkọ́ ará Gáná kọ́ ní ìṣirò tàbí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ó di ọdún 1983 owó epo ti lọ sílẹ̀. Ọdún ìdìbò ni, àwọn ènìyàn sì ń kùn. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà: àjèjì ni olè, àjèjì ni ó gba iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde kúrò ní Nàìjíríà ní ìparí oṣù náà. Àwọn tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni a fi oṣù kan kún tiwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì. Iye ọjọ́ kan náà! Wọ́n fojú díwọ̀n pé ó ju mílíọ̀nù kan ará Gáná lọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Wọ́n sáré dé Sèmè, ṣùgbọ́n Gáná ti pa ẹnu ibodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò dé láti ọdún 1982, Bẹ̀nẹ̀ sì bẹ̀rù kí wọ́n má baà há sí òun lọ́wọ́, òun náà ti ilẹ̀kùn. Báyìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wà lójú ọ̀nà, wọn kò lè tẹ̀ síwájú, wọn kò sì gbọdọ̀ padà sẹ́yìn, títí Gáná fi ṣí ibodè rẹ̀ nígbà tí oṣù náà ń parí lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n sì padà sí, ọ̀dá àti iná igbó ti jẹ oko rẹ̀ run, ebi ńlá sì mú níbẹ̀ ní ọdún náà.

Ní oṣù Kìíní yìí, ìyá wa jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán. Obìnrin ará Gáná kan, olùkọ́ ní ilé-ìwé ìlú wọn, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá bá a, nítorí kò sí àyè fún un nínú ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀. Ó ní òun yóò gba 90 náírà. Ìyá wa fún un ní 20. Obìnrin náà dákẹ́, ó wo ẹ̀rọ náà, ó sì gbà á. “Tíṣà,” ni ìyá náà wí, “mo ka owó náà sí i lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo sì wí fún un pé mo ń ràn án lọ́wọ́ ni. N kò rántí ohunkóhun ní ọjọ́ náà. Inú mi dùn ni. Ẹ̀rọ yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ tí mo ń sọ ìtàn Kùmásí fún ọmọ mi obìnrin, tí mo dé ibi tí ọkùnrin yẹn ti wí pé òun ń ràn wá lọ́wọ́. Ẹnu mi kọ̀, n kò lè sọ ọ́ jáde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, àbí ọjà ni?”

A kò lè dá a lóhùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí a ti rò láti ìgbà náà ni a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, kí ẹ̀yin náà lè gbé e yẹ̀ wò.

Ẹnì kan lè wí pé ọjà ni. Olùtà dárúkọ owó, olùrà dárúkọ tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì fohùn ṣọ̀kan. Bí òun kò bá rà á, ẹlòmíràn yóò rà á, bóyá ní owó tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ní àwọ̀ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ọjà tòótọ́ ni èyí tí olùtà lè gbé ọjà rẹ̀ padà sílé bí owó kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Obìnrin yìí kò ní ilé tí yóò gbé e padà sí. Ìkéde ìjọba ni ó dá iye owó náà; àwọn obìnrin méjèèjì kàn kà á ni.

Ẹlòmíràn lè wí pé ìjọba ni ó lé wọn, kì í ṣe àwa. Òtítọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó wà ní Èkó kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà ní ìlú wa. Ìjọba a máa ṣí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ tí ó nà wọlé lọ mú ohun tí ó wà nínú ilé, ọwọ́ tiwa ni. Ìdí nìyí tí a fi sọ ọ̀rọ̀ obìnrin Kùmásí tí ó se oúnjẹ di ọ̀nà. Abẹ́ ìkéde kan náà ni òun àti ọkùnrin onísọ̀ nì wà.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó wúwo jù: pé onílé ní ẹ̀tọ́ láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. A kò jiyàn. Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn kì í ṣe ilé, orílẹ̀-èdè tí kò sì mọ ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó jáde kò lè tọ́jú àwọn ènìyàn rẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣe ní ọdún 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti wọ èkejì láìgba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú fún 90 ọjọ́ péré. Ẹni tí ó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ níláti gba ìwé mìíràn. Ìjọba Nàìjíríà dúró lórí èyí, òfin sì ni. Ṣùgbọ́n a bi yín: bí òfin kan bá sùn fún ọdún púpọ̀, tí àlejò ń san owó ìsọ̀, tí ó ń kọ́ ọmọ wa níwèé, tí a ń kí i káàárọ̀ lójoojúmọ́, tí òfin náà wá jí lójijì ní ọdún tí owó kò sí lápò, ǹjẹ́ òfin ni ó jí i, tàbí ìbẹ̀rù? Ẹ̀tọ́ láti ti ilẹ̀kùn yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ láti ti ènìyàn jáde ní òru. Ọjọ́ mẹ́rìnlá kò tó láti gba gbèsè, kò tó láti kórè oko, kò sì tó fún ọmọ ilé-ìwé láti parí sáà kan.

Bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ ṣe èrè fún àwọn tí ó ṣe é. Nígbà tí àwọn àjèjì jáde ní Gáná, òṣìṣẹ́ oko kòkó di ọ̀wọ́n, Busia kò sì lò ju ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ lọ lórí oyè. Ní Nàìjíríà owó epo kò torí èyí gòkè, ìjọba Shagari pẹ̀lú ṣubú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn nínú ọdún 1983 yẹn gan-an. Ìjọba tí ó tẹ̀ lé e tún lé àwọn àjèjì ní ọdún 1985. Bí lílé àkọ́kọ́ bá ti wo àrùn náà sàn, kí ni wọ́n tún ń fi èkejì wò?

Nítorí náà a padà sí ìbéèrè wa. Èéṣe tí ìyà kò fi kọ́ wa? A rò pé ìyà tí a fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀ a máa kọ́ni ní nǹkan mẹ́ta, àánú kò sì sí nínú wọn. Ó ń kọ́ni ní ìbẹ̀rù, tí ènìyàn fi ń di ohun díẹ̀ tí ó bá rí mú pinpin. Ó ń kọ́ni láti rò pé ayé jẹ ẹni ní gbèsè, tí ènìyàn fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ ẹ́. Ó sì ń kọ́ni ní bí a ti ń ṣe é. Àwọn àgbà wa mọ èyí tí wọ́n fi wí pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹ kíyè sí i pé òwe náà kò wí pé ìyálé yóò gbé pàṣán náà sọnù nítorí pé ó ti dùn ún rí. Ajà ni ó wà, ní ìpamọ́.

Òfin Mósè pẹ̀lú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kìlọ̀ fún Ísírẹ́lì léraléra nípa àlejò, ó sì ń rán wọn létí Íjíbítì ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí ó bá ń kìlọ̀. Bí ìyà Íjíbítì bá ti tó láti kọ́ wọn, kí ni a tún ń pa á láṣẹ fún? Ènìyàn kì í pàṣẹ fún ebi pé kí ó wá oúnjẹ. Ohun tí a níláti pa láṣẹ ni ohun tí ọkàn kò ní ṣe fúnra rẹ̀. Nítorí náà ni a fi pàṣẹ pé kí bàbá máa sọ ìtàn náà fún ọmọ ní ọdọọdún, kí ìrántí má baà dúró ní apá kan, kí ìwà sì dúró ní apá kejì. Nínú ọkàn ìyá wa, Kùmásí wà nínú àpótí kan, olùkọ́ ará Gáná nì sì wà nínú òmíràn. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí ọwọ́ rẹ̀ tó ṣí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, bóyá àwa ni ó mú kí àpótí méjèèjì jìnnà síra. Ní ilé wa, a máa ń sọ ọdún 1969 bí ohun tí wọ́n ṣe sí wa, pẹ̀lú omi lójú. Ọdún 1983 ńkọ́? A sọ ọ́ di orúkọ àpò. Àpò onílà tí àwọn tí a lé kó ẹrù wọn sí ni àwọn ọmọ wa ń pè ní Gáná-mọ́sì-gò títí di òní, èyí tí í ṣe pé kí àwọn ará Gáná máa lọ. Wọ́n ń gbé e lọ sí ọjà, wọ́n ń kó aṣọ ilé-ìwé sí i, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé orúkọ náà ni igbe tí a fi lé aládùúgbò. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò ṣí ìwé náà fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì di ti àtijọ́. Ní ọdún 2019 àwọn ará ilẹ̀ wa tún fi Gúúsù Áfíríkà sílẹ̀ nítorí ìkọlù. Ní oṣù Keje ọdún 2025 àwọn kan tún fi ẹsẹ̀ rìn ní ìgboro Akra, wọ́n ń kígbe pé kí àwọn ará Nàìjíríà máa lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń gba aginjù kọjá lọ sí Líbíà, òmíràn kò sì dé etí òkun rárá. Nígbà tí ìròyìn wọ̀nyí bá dé, inú a máa bí wa, ó sì tọ́ kí ó bí wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Kútọnu àti ọmọ Tógò wà ní ilé wa tí wọ́n ń fọ abọ́, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ bíríkìlà. Ìbínú tí kò bá lè wo ìhà wọ̀nyí, ìbínú lásán ni, kò tíì di òdodo.

A padà lọ bá ìyá náà ní ilé rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ̀rọ náà wà ní ìgun yàrá, ó fi aṣọ bò ó. A ní, “Màmá, a ti rò ó. Ọjà ni, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni. Ohun tí ó jẹ́ ọjà nínú rẹ̀ ni 20 náírà tí ẹ san. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí ó kù nínú iye tí ó tọ́ sí i.” Ó mi orí. Ó bi wá bí òun yóò ti ṣe san èyí tí ó kù nígbà tí òun kò mọ orúkọ ìlú obìnrin náà, tí kò sì dájú pé ó wà láàyè. A rán an létí pé Òfin Mósè ti rí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ṣáájú: bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè kò bá sí mọ́, tí kò sì ní ìbátan tí a lè san án fún, gbèsè náà kò tán, ti Olúwa ni ó dà. Ti Olúwa sì ni àlejò tí ó wà ní ìtòsí.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ọmọ Kútọnu kan wà ní ojúlé kẹta sí tòun, ọmọbìnrin tí ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé, tí ó máa ń wá wo òun nígbà tí òun bá ń ránṣọ. Ó ní òun ti máa ń lé e tẹ́lẹ̀, nítorí pé ó ń di ìmọ́lẹ̀ lójú òun. “N ó jẹ́ kí ó jókòó,” ni ó wí.

A kò sọ pé èyí san gbèsè náà tán. A kò mọ ẹni tí ó lè san án tán. Ṣùgbọ́n ó ti gbé pàṣán kan kúrò ní ajà, ohun tí ìyà Kùmásí kò lè kọ́ ọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé, ní ọjọ́ tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ọdún 1969, kí ẹ má ṣe pa ìwé dé títí ẹ ó fi kọ́ wọn ní ti 1983. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá sì dé ilé, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè, kì í ṣe ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa nìkan, bí kò ṣe ohun tí ó wà nínú ilé wa tí kì í ṣe tiwa.